Ọmọkùnrin tó Fi Ìpè Ìrun Ṣe Yẹ̀yẹ́

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kan gbogbo ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ láàrin àwọn ọ̀dọ́: olùkọ́ ilé-kéú, ààfáà tó ń darí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ àsàlátù, ẹ̀gbọ́n tó ń kó àwọn ọmọ lọ sí àgọ́ ìsinmi, àti òbí tó ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún nílé tí kò fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Ìtàn ni mo máa fi sọ ọ́, nítorí pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe iṣẹ́ tuntun. Ẹnì kan ti ṣe é rí, ó sì ṣe é yọrí.

Ní ọdún 8 lẹ́yìn Hijira, èyí tíí ṣe ọdún 630 nínú òǹkà àwọn òyìnbó, Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ń padà bọ̀ láti ogun Hunayn. Kò tíì pẹ́ tí Mẹ́kà bọ́ sí ọwọ́ àwọn Mùsùlùmí. Ọ̀pọ̀ nínú ará ìlú náà ti gba ẹ̀sìn, ṣùgbọ́n ọkàn àwọn mìíràn ò tíì rọ̀. Lójú ọ̀nà, àsìkò ìrun tó, ládàánì sì dìde, ó pe ìrun. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà nítòsí tí wọ́n ń bá tiwọn lọ. Bí wọ́n ṣe gbọ́ ìpè náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sín in jẹ. Wọ́n ń pariwo, wọ́n ń fi ládàánì ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ dúró níbẹ̀ ná. Ẹ fojú inú wò ó pé ẹ̀yìn fèrèsé mọ́sálásí àdúgbò yín ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Kí ni Bàbá Àdínnì máa ṣe? Kí ni àwọn àgbà tó wà ní sàfù àkọ́kọ́ máa sọ? A mọ̀ ọ́n. Ẹnì kan á ti fa pàṣán yọ. Ẹlòmíràn á máa béèrè ọmọ ta ni, kó lè lọ fi ẹjọ́ rẹ̀ sun ìyá rẹ̀. Ẹnì kẹta á ní òun ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ọmọ ayé ìsinsìnyí ti bàjẹ́.

Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun gbọ́ ariwo wọn. Ó ní kí wọ́n lọ pè wọ́n wá. Wọ́n dé, wọ́n dúró níwájú rẹ̀. Ìbéèrè tó bi wọ́n kì í ṣe ta ló rán wọn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe kí ló dé tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀fẹ̀ sí ẹ̀sìn Ọlọ́hun. Ó béèrè ta ló ni ohùn tó ròkè tí òun gbọ́. Gbogbo wọn nawọ́ sí ọ̀kan láàrin wọn. Abu Mahdhura ni orúkọ tí a mọ̀ ọ́n sí. Ànábì yọ̀ǹda àwọn yòókù pé kí wọ́n máa lọ, ó dá òun nìkan dúró.

Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí fúnra rẹ̀ ló sọ ìtàn náà nígbà tó dàgbà, kò sì fi nǹkan kan bò. Ó ní nígbà tí òun dúró níbẹ̀, kò sí ohun tí òun kórìíra tó Ànábì àti ohun tó ń pa láṣẹ fún òun. Àṣẹ wo? Pé kí ó dìde, kí ó pe ìrun. Ànábì fúnra rẹ̀ ló ń ka gbólóhùn kọ̀ọ̀kan fún un, òun náà ń wí i tẹ̀ lé e. Nígbà tó parí, Ànábì fún un ní àpò kékeré kan tí fàdákà wà nínú rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé e níwájú orí, ó fi ọwọ́ náà ra á lójú títí dé àyà, ó sì tọrọ ìbùkún fún un. Abu Mahdhura ní gbogbo ìkórìíra tó wà nínú òun kúrò, ó di ìfẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló wá bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun máa pe ìrun ní Mẹ́kà. Wọ́n gbà fún un. Ó lọ bá Attab bin Asid tí Ànábì fi ṣe gómìnà Mẹ́kà, ọ̀dọ́ ni Attab náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbí dáadáa. Nínú ariwo yẹ̀yẹ́ yẹn, ẹni tó kù gbọ́ àfojúdi. Ànábì gbọ́ ohùn dídùn. Etí ni irinṣẹ́ àkọ́kọ́ tí olùdarí ọ̀dọ́ nílò, kí ó tó di pé a ń sọ̀rọ̀ ẹnu. Kì í ṣe pé Ànábì fojú fo àṣìṣe náà dá o. Ó ránṣẹ́ pè wọ́n; wọn ò lè kọjá lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan. Ṣùgbọ́n ó mọ ohun kan tí ọ̀pọ̀ wa kì í rántí: ọmọ tó wà lójú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò lè padà sẹ́yìn. Ojú á tì í, yóò sì fi agídí bo ìtìjú náà mọ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi dára pé àwọn tó kù kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn èyí ló wá gbé iṣẹ́ lé ọmọ náà lọ́wọ́, iṣẹ́ yẹn gan-an tó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn.

Mo ní ìdí tí ìtàn yìí fi máa ń dùn mí bí mo bá ń kà á. Nígbà tí mo wà ní ilé-kéú, ọmọkùnrin kan wà láàrin wa tí ohùn rẹ̀ dùn ju ti gbogbo wa lọ. Bó bá ka Suratu Rahmaani, àwọn ìyá tó ń kọjá lọ sí ọjà á dúró. Lọ́jọ́ kan, ó gẹ irun rẹ̀ bíi ti àwọn agbábọ́ọ̀lù, ó wá sí kéú bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ wa nígbà náà, kí Ọlọ́hun foríjì í, mú un dúró láàrin wa, ó fi orí rẹ̀ ṣe ẹ̀kọ́ fún wa fún nǹkan bí ìdajì wákàtí, ó sì lé e jáde. A rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọmọ yẹn kò padà wá mọ́. Ọ̀rọ̀ irun orí ni o, irun tí á hù padà láàrin oṣù kan.

Ẹ jẹ́ kí a lọ sí Madina. Ọ̀dọ́ kan tí ń jẹ́ Malik bin al-Huwayrith, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ọjọ́ orí wọn kò jìnnà síra, wá sí ọ̀dọ̀ Ànábì láti kọ́ ẹ̀sìn. Wọ́n gbé ibẹ̀ fún ogún òru. Imam Bukhari gba ìtàn náà wá. Malik sọ pé aláàánú àti ẹni pẹ̀lẹ́ ni Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, ó sì fura pé àárò ilé ti ń sọ àwọn. Ẹ kíyè sí i: kò sí ibi tí wọ́n ti sọ pé àwọn ọmọ náà ráhùn. Bóyá ojú ń tì wọ́n láti sọ ọ́. Ọ̀dọ́ wo ló máa dúró níwájú Ànábì tí á ní ọbẹ̀ ìyá òun ló ń wu òun jẹ? Ojú wọn ni ó kà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n léèrè àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ nílé, wọ́n sì dá a lóhùn. Lẹ́yìn èyí ló ní kí wọ́n padà sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn wọn.

Kò rán wọn lọ lọ́wọ́ òfo. Ó ní kí wọ́n lọ kọ́ àwọn ará ilé wọn, kí wọ́n máa kírun bí wọ́n ṣe rí òun tí òun ń kí i, kí ọ̀kan nínú wọn máa pe ìrun bí àsìkò bá tó, kí ẹni tó dàgbà jù láàrin wọn sì máa ṣe lèmọ́mù. Lánàá, akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n. Lọ́jọ́ tí wọ́n délé, olùkọ́ ni wọ́n dà.

Ogún òru péré! Mo mọ àwọn àgọ́ ìsinmi wa tí wàásù ti máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn àsùbáà tí kì í tán títí di aago mọ́kànlá alẹ́. Bí ọmọ ọdún mẹ́tàlá bá sọ pé òun fẹ́ fi fóònù bá ìyá òun sọ̀rọ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n á pè é ní ajẹbọ́tà. Ẹni tó ṣètò irú àgọ́ bẹ́ẹ̀ lè mọ Kùránì dáadáa. Ohun tí kò mọ̀ ni bí a ti ń ka ojú ọmọ.

Ìtàn kẹta yìí, ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe sá fún un. Ó wà nínú Musnad ti Imam Ahmad, Abu Umama ló sọ ọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ní gbangba, ó ní kí ó yọ̀ǹda fún òun láti ṣe sìná. Àwọn tó jókòó síbẹ̀ dìde sí i, wọ́n ń jágbe mọ́ ọn pé kí ó dákẹ́. Ta ni kò ní ṣe bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n Ànábì ní kí ó sún mọ́ òun. Ó sún mọ́ ọn, ó jókòó. Ó wá bi í bóyá ó máa fẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe é sí ìyá rẹ̀. Ọmọ náà ní rárá, kí Ọlọ́hun fi òun ṣe ìràpadà rẹ̀. Ànábì ní àwọn ènìyàn náà kò fẹ́ ẹ fún ìyá tiwọn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ńkọ́? Rárá. Arábìnrin rẹ̀ ńkọ́? Rárá. Àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin ńkọ́, àbúrò ìyá rẹ̀ ńkọ́? Ìdáhùn kan náà ni. Lẹ́yìn èyí, ó gbé ọwọ́ lé e, ó ṣe àdúà kí Ọlọ́hun forí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ jì í, kí Ó fọ ọkàn rẹ̀ mọ́, kí Ó sì ṣọ́ ara rẹ̀ fún un. Abu Umama sọ pé ọ̀dọ́ náà kò tún kọjú sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ọmọ yẹn mọ̀ pé èèwọ̀ ni. Bí kò bá mọ̀, kò ní wá tọrọ àyè. Ìdí nìyẹn tí kò fi jẹ́ pé ìwé ni Ànábì kọ́kọ́ ṣí fún un. Ìbéèrè ló bi í, ìbéèrè tí ọmọ náà lè fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn, débi pé òun fúnra rẹ̀ ló dá ẹjọ́ náà. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tó ń wú mi lórí. Irú mọ́sálásí wo ni èyí tí ọ̀dọ́ ti lè béèrè irú ìbéèrè yìí lójú gbogbo ayé? Ọmọ tiwa ní irú ìbéèrè yẹn lọ́kàn. Ẹ má tan ara yín jẹ. Fóònù ló ń bi, tàbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí kò mọ̀ jù ú lọ, nítorí ó ti rí bí a ṣe ń ṣe sí ẹni tó bá béèrè.

Ẹlòmíràn lè ti máa sọ lọ́kàn rẹ̀ pé ṣé ìkẹ́ra nìkan ni gbogbo èyí, ṣé a ò ní bá ọmọ wí mọ́ ni? Ìtàn Usama bin Zayd ló máa dá a lóhùn, èmi ò sì rí ìtàn tó kún tó o nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ọmọ ilé ni Usama jẹ́. Bàbá rẹ̀ ni Zayd bin Haritha, ẹrú tí Ànábì dá sílẹ̀ tó sì fẹ́ràn gidigidi. Ìyá rẹ̀ ni Umm Ayman, obìnrin ará Habaṣa tó tọ́jú Ànábì fúnra rẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré. Nígbà tí Usama wà lọ́mọdé, Ànábì á gbé òun sí itan kan, á gbé Hasan ọmọ ọmọ rẹ̀ sí itan kejì, á sì máa tọrọ fún Ọlọ́hun pé kí Ó fẹ́ràn àwọn méjèèjì. Gbogbo Madina ló mọ̀ pé àyànfẹ́ ni ọmọ yìí. Ní ọdún 8 lẹ́yìn Hijira, wọ́n pa bàbá rẹ̀ lójú ogun Mu'ta.

Usama kò tíì pé ogún ọdún nígbà tó bá ikọ̀ kan lọ sójú ogun. Òun àti ọmọ Ansari kan lé ọkùnrin kan bá. Nígbà tí ọwọ́ wọn tẹ̀ ẹ́, ọkùnrin náà wí pé kò sí ọlọ́hun kan àyàfi Allah. Ọmọ Ansari dáwọ́ dúró. Usama fi ọ̀kọ̀ gún un pa. Ìròyìn náà dé etí Ànábì. Nígbà tí Usama dé, ó bi í léèrè. Usama ní ọkùnrin náà kàn fi wí i láti bọ́ lọ́wọ́ ikú ni. Ànábì kò gba àwáwí yẹn. Ó ń bi í léraléra bóyá lẹ́yìn tó ti wí gbólóhùn yẹn náà ló pa á. Ó ń tún un bi, kò dáwọ́ dúró, títí tí Usama fi ní ó wu òun pé kí ó jẹ́ pé lọ́jọ́ yẹn ni òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Ìsìláàmù.

Kò mọ síbẹ̀. Ní àsìkò tí wọ́n gba Mẹ́kà, obìnrin ọlọ́lá kan láti ìdílé Makhzum jalè. Àwọn ènìyàn rẹ̀ kò fẹ́ kí wọ́n fi ìyà ẹ̀ṣẹ̀ jẹ ẹ́, wọ́n wá ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń wọ Ànábì létí. Ta ni wọ́n rán? Usama. Ọ̀dọ́ tí àgbà ń rán ní iṣẹ́ tí àgbà fúnra rẹ̀ kò tó jẹ́, ẹ mọ irú rẹ̀. Ojú Ànábì yí padà nígbà tí Usama sọ ọ́. Ó bi í bóyá nítorí ọ̀kan nínú òfin Ọlọ́hun ló ṣe ń bẹ̀bẹ̀. Usama bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bá òun tọrọ àforíjìn. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Ànábì dìde láàrin ènìyàn, ó sì sọ ọ́ kedere pé ohun tó pa àwọn ìjọ àtijọ́ run ni kí wọ́n máa fi olówó sílẹ̀, kí wọ́n máa fìyà jẹ mẹ̀kúnnù.

Àṣìṣe ńlá méjì nìyẹn, ẹ̀kan lójú ogun, ẹ̀kan nínú ìdájọ́. Bó bá jẹ́ tiwa ni, orúkọ Usama ti kúrò nínú ìwé. Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ rẹ̀ fún ipò kan, a ó ní ẹ ò mọ ohun tí ọmọ yẹn ṣe lọ́dún ìjọsí ni.

Ní ọdún 11 lẹ́yìn Hijira, ọdún 632, Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun kó ọmọ ogun jọ láti lọ sí ìhà Ṣáámù, ibi tí wọ́n ti pa Zayd. Usama ni ó fi ṣe olórí wọn. Ọmọ nǹkan bí ọdún méjìdínlógún ni, àwọn òpìtàn mìíràn ní ó jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Àwọn àgbà Muhajiruna wà lábẹ́ rẹ̀, Umar bin al-Khattab sì wà nínú wọn. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Àìsàn tó mú ẹ̀mí Ànábì lọ ti bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn, síbẹ̀ ó jáde, ó gun mínbárì, ó ní bí wọ́n bá ń bu ẹnu àtẹ́ lu ìyànsípò Usama, wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí bàbá rẹ̀ náà rí, bàbá náà sì yẹ fún ipò yẹn, ọmọ náà sì yẹ.

Ànábì papòdà kí àwọn ọmọ ogun tó lọ. Abubakar di khalifa. Lárúbáwá ń ya kúrò nínú ẹ̀sìn lọ́tùn-ún lósì, Madina fúnra rẹ̀ wà nínú ewu. Wọ́n ní kí Abubakar dá àwọn ọmọ ogun náà dúró, ó kọ̀. Wọ́n rán Umar sí i pé kí ó fi ẹni tó dàgbà ju Usama lọ ṣe olórí. Abubakar, ẹni jẹ́jẹ́ yẹn, dìde, ó di Umar ní irùngbọ̀n mú, ó ní ṣé ẹni tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun yàn ni kí òun yọ. Nígbà tí wọ́n ń lọ, Abubakar sìn wọ́n sọ́nà. Usama wà lórí ẹṣin, khalifa ń fi ẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojú ti Usama. Ó ní kí khalifa gun ẹṣin tàbí kí òun sọ̀kalẹ̀. Abubakar ní kò sọ̀kalẹ̀, òun náà kò sì ní gùn. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ó padà, ó tọrọ àyè lọ́wọ́ Usama pé bó bá wù ú, kí ó fi Umar sílẹ̀ fún òun ní Madina kí ó máa ran òun lọ́wọ́.

Ó tọrọ àyè! Khalifa ni o, ó lè pàṣẹ, kò sí ẹni tó máa bi í. Ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ ogun ń wò. Ẹni tí wọ́n rí tí khalifa ń tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, ta ni nínú wọn ló tún máa pè é lọ́mọdé? Usama yọ̀ǹda Umar. Wọ́n lọ, wọ́n sì bọ̀ ní àlàáfíà pẹ̀lú ìṣẹ́gun.

Ẹ̀yin tí ẹ ń darí ọ̀dọ́, mo fẹ́ kí ẹ dá Abubakar mọ̀ nínú ìtàn yìí. A máa ń sọ̀rọ̀ Usama ṣáá, pé ọ̀dọ́ lè ṣe olórí. Ó lè ṣe é lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló máa ń yan ọ̀dọ́ sípò akọ̀wé tàbí akápò, tí a ó sì máa gba ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe ìpinnu? Bí ìwé ìfipè bá jáde, àgbà á ti yí i padà kí ó tó tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn ọdún méjì, a ó ní ọ̀dọ́ ò wúlò. Ẹ̀kọ́ tí ó ṣòro jù nínú iṣẹ́ yìí ni kí a yan ọmọ, kí a wá fi ẹsẹ̀ wa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹṣin rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni Ànábì ṣe ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni fún gbogbo ohun tí ọ̀dọ́ bá fẹ́. Abdullah ọmọ Umar sọ fúnra rẹ̀ pé ní ọjọ́ Uhud, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni òun, Ànábì kò jẹ́ kí òun jagun. Ní ọjọ́ ogun kòtò, òun ti di ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó jẹ́ kí òun lọ. Ìtara ọmọ náà kò yàtọ̀ ní ọjọ́ méjèèjì. Ẹni tó ń wò ó ló mọ̀ pé kò tíì tó. Nígbà mìíràn, rárá ni ìfẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ìbáwí ojoojúmọ́ ṣe rí lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ bi Anas bin Malik. Umm Sulaym ìyá rẹ̀ fà á lé Ànábì lọ́wọ́ láti máa ṣiṣẹ́ fún un nígbà tó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó sì lo ọdún mẹ́wàá níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Ànábì rán an níṣẹ́. Ó lọ, ó bá àwọn ọmọdé tí wọ́n ń ṣeré lọ́jà, ó dúró. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ò ní purọ́ pé ẹ ò ṣe irú rẹ̀ rí. Ó kàn rí i tí ẹnì kan di òun lọ́rùn mú láti ẹ̀yìn. Ó yíjú padà, Ànábì ni, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó pè é ní orúkọ ìfẹ́ tó máa ń pè é, Unays, ó bi í ṣé ó ti dé ibi tí òun rán an. Anas ní òun ti ń lọ. Gbogbo ìbáwí náà nìyẹn. Anas ju ẹni ọgọ́rùn-ún ọdún lọ kó tó kú ní Basra, ó ṣì ń sọ ọ́ pé nínú ọdún mẹ́wàá, Ànábì kò ṣíọ̀ sí òun rí.

Ìtàn yìí kò jìnnà sí wa bí a ṣe rò. Àwọn ẹgbẹ́ tí a ń fi yangàn nílẹ̀ Yorùbá lónìí, ọwọ́ ọ̀dọ́ ni púpọ̀ nínú wọn ti bẹ̀rẹ̀. Ansar-ud-Deen tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1923, Young Ansar-ud-Deen Society ni orúkọ rẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́ wà nínú orúkọ náà gan-an. Ní ọdún 1954, ní Èkó yìí kan náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí dá MSSN sílẹ̀. Púpọ̀ nínú ilé ẹ̀kọ́ girama ayé ìgbà yẹn jẹ́ ti àwọn ìjọ Kìrìsìtẹ́nì, ọmọ Mùsùlùmí á sì bá ara rẹ̀ nínú ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà mìíràn pẹ̀lú orúkọ tí bàbá rẹ̀ kò sọ ọ́. Lateef Adegbite tó jẹ́ ààrẹ wọn àkọ́kọ́ kò ju ọmọ ọdún mọ́kànlélógún lọ. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń jókòó sí sàfù ẹ̀yìn ni wọ́n rí ohun tó ń jẹ ọmọ ẹgbẹ́ wọn níyà, nítorí àwọn ni ó ń jẹ níyà. Bí ọ̀dọ́ bá wá bá yín lọ́sẹ̀ yìí pé òun ní ohun kan tí òun fẹ́ ṣe nínú mọ́sálásí, ẹ fi ara balẹ̀ gbọ́ ọ tán kí ẹ tó sọ pé a ò ṣe é bẹ́ẹ̀ rí.

Ó ku Abu Mahdhura. Ó dúró sí Mẹ́kà, ó ń pe ìrun níbẹ̀ títí tó fi kú. Wọ́n sọ pé kì í gé irun iwájú orí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í yà á sí méjì, nítorí pé ibẹ̀ ni Ànábì gbé ọwọ́ lé lọ́jọ́ yẹn. Ó gba ọmọ òrukàn kan tọ́ nínú ilé rẹ̀, Abdullah bin Muhayriz. Nígbà tí ọmọ yẹn dàgbà tó fẹ́ rìnrìn àjò lọ sí Ṣáámù, ó sọ fún un pé wọn yóò bi òun léèrè bí ìpè ìrun rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Abu Mahdhura jókòó tì í, ó bẹ̀rẹ̀ láti ojú ọ̀nà Hunayn, ó sọ yẹ̀yẹ́ tí àwọn ṣe, ó sọ ìkórìíra tó wà lọ́kàn rẹ̀, ó sọ àpò fàdákà náà. Ẹnu ọmọ òrukàn yẹn ni a ti gbọ́ ọ.